Ọ̀gá Kẹta

Ó ku wákàtí méjì kí ọdún ìṣọ́ Ṣìjúadé pé, kò sì tíì la ẹnu sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó ti pinnu pé bẹ́ẹ̀ ló dáa jù. Ó ń rẹ́ ògiri, ó ń fi tírọ́wẹ̀lì fa sìmẹ́ńtì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó sì pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó fi omi sẹ́nu.

Lókè orí rẹ̀, ní àjà kejìlélógójì, ẹ̀rọ ìmọlé ń rìn lórí irin rẹ̀. Kọnkéré ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ ìfọyín, ògiri ń dìde tẹ̀lé e, kò sì sí ènìyàn kankan nítòsí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń mọ àjà kan tán. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ògiri dán. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣì fi ń wá ènìyàn síbi ìkọ́lé, nítorí ìyẹn náà sì ni Ṣìjúadé fi ń rí oúnjẹ jẹ.

Àwọn mẹ́sàn-án ló wà ní àjà kọkànlélógójì lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń rẹ́ ògiri, àwọn tó ń lẹ táìlì àti àwọn tó ń fa wáyà iná. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ omi á nawọ́ sí omi. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnì kejì kúrò lọ́nà á fọwọ́ kàn án léjìká. Bó bá wá di dandan kí wọ́n pe ara wọn, orúkọ lásán ni, láìfi ohunkóhun ṣáájú, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún ló ń pe ẹni ọgọ́ta. Nígbà kan, wọ́n máa ń sọ "ọ̀," wọn á sì yára wúkọ́ kí ìyókù má baà jáde. Odidi oṣù mẹ́rin ni gbogbo ibi ìkọ́lé ní Òkè-Ọ̀sà fi ń wúkọ́ bí wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn, títí Ilé Ìyọkúrò, àwọn tó ń yọ nínú owó òṣìṣẹ́, fi kọ́ Etí, ẹ̀rọ wọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ní ikọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ti pe ọ̀gá kan nìyẹn.

Etí wà lára gbogbo òpó. Kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, iná kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú. Kì í dá sí ẹjọ́, kì í dá sí àwàdà, kò sì ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú èébú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀gá, ló ń mú un fọhùn, bó bá sì fọhùn, ohun tó máa ń sọ kò ju "Mo gbọ́" lọ.

Ó ti sọ ọ́ fún Ṣìjúadé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún náà. Lẹ́ẹ̀kìíní, ọlọ́dẹ ẹnu géètì ló ní kó dúró kí òun yẹ àpò rẹ̀ wò, Ṣìjúadé sì dá a lóhùn bí gbogbo wa ṣe máa ń dá ọlọ́dẹ lóhùn: "Ọ̀gá, mo ti pẹ́ o." "Mo gbọ́," ni Etí wí láti orí géètì. Ẹ̀ẹ̀kejì tún wá burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé oníbúrẹ́dì ló pè bẹ́ẹ̀, níbi tó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá ṣéńjì. Kò sí èyí tó gbà á síṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Etí kò mọ ọ̀gá ẹnu lásán yàtọ̀ sí ọ̀gá òótọ́. Àwọn tó kọ òfin rẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti ń pe bàbá wọn lórúkọ, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ènìyàn bá pè ní ọ̀gá, abẹ́ rẹ̀ ló wà nìyẹn, kò lè sọ pé iṣẹ́ ara òun lòun ń ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kò gbọ́dọ̀ wáyé.

Ó wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Pupa ni. Gbogbo owó tí wọ́n san fún un láti ọdún kan, ẹ̀gbà pupa yìí ti yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí aago mẹ́rin bá lù láìsí ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀gbà á di funfun, gbogbo ohun tí wọ́n ti yọ á padà wá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tí yóò tún yọ nínú owó rẹ̀ mọ́. Bó bá ṣàṣìṣe, Ilé Ìyọkúrò á gbé owó náà lọ, òun á sì tún bẹ̀rẹ̀ ọdún mìíràn. Yàrá méjì kan wà ní àjà kejìlá ilé yìí kan náà, òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́ ògiri wọn, wọ́n sì ti bá a fi wọ́n pamọ́ di òní, pé kó wá san owó wọn. Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Ìsàlẹ̀-Omi, níbi tí ọ̀sà ti máa ń wọlé láti oṣù kẹfà títí di oṣù kọkànlá. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyá náà. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta-mẹ́ta ni.

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì láti Ilé Ìyọkúrò jáde nínú ẹ̀rọ agbéniròkè. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bàtà rẹ̀ sì mọ́ ju ohun tó yẹ kí ènìyàn wọ̀ wá síbẹ̀ lọ. Ó gbé Etí tirẹ̀ dání, èyí tó tó agolo mílíìkì, tí wọ́n fi ń gba ìbúra. Ó gbé e kalẹ̀ sórí páálí táìlì, ó fi áńkáṣíìfù nu orí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ṣìjúadé."

"Ẹ káàsán, Kúforíjì," ni Ṣìjúadé wí. Àwọn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, orúkọ lásán náà sì rí lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta inú ìrẹsì.

"Ẹ jẹ́ ká yára. Ṣé ẹ ní irinṣẹ́ tiyín?"

"Mo ní."

"Tí ògiri bá bàjẹ́, ta ló ń tún un ṣe?"

"Èmi ni. Àpò mi ló ti ń jáde."

"Tí ara yín ò bá yá, ṣé ẹ lè rán ẹlòmíì wá dípò yín?"

"Mo lè rán an. Mo ti rán an rí, lóṣù kẹta."

"Ta ló ń sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún mi."

Etí ń ṣẹ́jú, kò sọ nǹkan kan. Kúforíjì mi orí. "Obìnrin onítáìlì yẹn ti jẹ́rìí tiyín lánàá. Ó ku ẹlẹ́rìí kejì, ẹlẹ́gbà funfun tó mọ̀ yín nídìí iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ kọ sílẹ̀."

"Ẹnì kan ṣoṣo náà ló kù láyé."

"Tí wọ́n bá dé, Etí á bi yín pé ta ni wọ́n. Orúkọ wọn bó ṣe wà nínú ìwé ni kí ẹ sọ. Ẹ má fi nǹkan kan ṣáájú ẹ̀."

"Tí mo bá pè wọ́n ní bàbá ńkọ́?"

"Ẹbí nìyẹn. Ẹbí kì í jẹ́rìí."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹbí náà ni."

"Wọn ò sì tíì lọ sí Mẹ́kà," ni Ṣìjúadé wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kúforíjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ká ní wọ́n ti lọ ni, bóyá à bá fi Àlàájì bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Orúkọ ni, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Ṣìjúadé ti fi ń ṣe ìdánrawò rẹ̀. Inú balùwẹ̀ ló ti ń ṣe é, á ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ariwo rẹ̀ bo ohùn òun, á wá dúró níwájú dígí, á pe orúkọ náà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ kejì. "Ta lò ń bá jà nínú ibẹ̀ yẹn?" ni ìyá bèèrè. Nígbà tó ṣàlàyé, ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú omi. "O fẹ́ pe ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́ lórúkọ lójú ara ẹ̀?" Ó wo omi tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè pé, "Yàrá tí ò ń sọ yẹn, ṣé ó ní fèrèsé?" Ṣìjúadé ní ó ní méjì.

Ọdún méje ló fi gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin náà tó ń kọ́ṣẹ́. Ní gbogbo ọdún méje yẹn, kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé pe orúkọ náà rí, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò pè é. Àwa náà kò ní pè é báyìí ná.

Aago mẹ́ta kù díẹ̀ ni bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà dé. Ó wọ fìlà, ó wọ bùbá tó ti ṣá, kò sì mú irinṣẹ́ kankan dání. Ẹ̀gbà funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì ti wà níbẹ̀, awọ ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Gbogbo àwọn tó wà ní àjà náà wò ó, nítorí ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ funfun kò wọ́pọ̀ láàárín wọn, ẹni tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò sì sí rárá.

Ṣìjúadé dìde. Ó ti to orúkọ náà sẹ́nu, ìbéèrè Etí ló ń dúró dè.

Ṣùgbọ́n bàbá náà kò wò ó. Ògiri ló lọ bá tààrà, bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ ọn, ó di ojú kan, ó sì wo gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wọlé, láti mọ̀ bóyá ó ga níbì kan tàbí ó jìn níbì kan. Kò yíjú padà tó fi bèèrè.

"Ta ló rẹ́ èyí?"

Ìbéèrè tó máa ń bèèrè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún ọdún méje nìyẹn. Ẹni tó bá ni ògiri gbọ́dọ̀ dáhùn kíá, lórí ìdúró, torí ẹni tó bá lọ́ra á ha gbogbo rẹ̀ dànù ni. Ṣìjúadé kò ronú rárá.

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Mo gbọ́," ni Etí wí láti ara òpó.

"Mo gbọ́," ni èyí tó wà lórí páálí wí. Ó sì fi kún un pé, "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ dúró. Táìlì bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ṣìjúadé fi ọwọ́ bo ẹnu, ìgbà tí kò wúlò mọ́. Ó dùn ún débi pé ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa á. Odidi ọ̀sẹ̀ kan nínú balùwẹ̀, ìbéèrè tí kò dánra wò sílẹ̀ dè ló wá mú un.

Bàbá náà yíjú padà nígbà náà. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n pè yín ní ọ̀gá, bàbá," ni Kúforíjì wí. "Ẹ̀ẹ̀kẹta wọn nìyẹn. Ọdún wọn ti já. Gbogbo ohun tá a ti yọ, ó ti lọ nìyẹn."

"Torí pé ó dá mi lóhùn?"

"Torí bó ṣe dá yín lóhùn."

"Kò wá sí nǹkan tó lè pa á rẹ́?"

Kúforíjì ṣí ìwé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tiwọn. Ìbúra lè borí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ kàn sọ pé ẹ̀yin kọ́ lọ̀gá ò tó. Etí ti gbọ́ pé ọ̀gá wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Á fẹ́ mọ èwo ni. Ẹ̀rí ni yóò sì gbà, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀."

Bàbá náà tún padà sídìí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lọ lórí rẹ̀ títí ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí iná. "Ó ga díẹ̀ níbí," ló wí.

"Mo mọ̀," ni Ṣìjúadé wí. "Mo ti fẹ́ tún un ṣe kí ẹ tó dé."

"Gbé tírọ́wẹ̀lì ẹ fún mi."

Ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un.

"Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ṣìjúadé rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Nínú gbogbo ọjọ́ tó fi bá ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́, kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, àfi iyọ̀. "Ibi tí ẹ bá ti..."

"Ibo ni mo ní. Ògiri ẹ ni."

"Láti ẹ̀gbẹ́ àpótí iná yẹn. Kó máa wá sí apá ọ̀tún."

"Ó dáa. Ṣé kí n wọ́n omi sí i?"

"Díẹ̀."

"Ṣé kó tó báyìí?"

"Ó ti tó. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa," ni bàbá náà tún wí, ó sì tẹ̀ síwájú bó ṣe sọ ọ́ fún un gan-an. Kúforíjì ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ti fẹ́ gbé Etí kúrò lórí páálí. Ó wo bàbá náà, ó wo iná Etí tó ń ṣẹ́jú léraléra. Ó rọra gbé e padà síbi tó wà, ó sì wá nǹkan jókòó lé.

Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tó parí, ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ènìyàn kò lè mọ ibi tí ọwọ́ ẹnì kan parí sí tí ti ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà nu tírọ́wẹ̀lì, ó dá a padà, ó sì nu ọwọ́ ara rẹ̀ sára bùbá.

"Mo ti ṣetán láti búra," ló wí.

Ó gbé ọwọ́ lé Etí. Etí gbóhùn sókè, ohùn tó mọ́ gaara bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn. "Ta ni obìnrin yìí sí yín?"

"Ọ̀gá mi ni wọ́n."

Ṣìjúadé gbé orí sókè. Kì í ṣe ọ̀gá yẹn nìkan ló gbọ́. Ó gbọ́ "wọ́n" náà. Ọdún méje ló fi jẹ́ "ìwọ yìí" lẹ́nu ọkùnrin yìí, bó bá sì ba ògiri jẹ́, a di "olórí kunkun."

"Kí ni ẹ̀rí yín?" ni Etí bèèrè.

"Ìwọ náà wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ wọn ni mo lò. Àwọn ló fi ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí, àwọn ló sọ iye omi tí n ó wọ́n sí i. Ẹni tí n ò sí lábẹ́ ẹ̀, ṣé mo wá jẹ́ máa bi í léèrè tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó pè yín ní ọ̀gá. Kí ni ìdí rẹ̀?"

"Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ọ̀gá a máa pe ọmọṣẹ́ ní ọ̀gá, tínú ẹ̀ bá dùn sí i. Wọn ò kọ́ ẹ nìyẹn ni?"

Iná Etí dúró, kò ṣẹ́jú mọ́. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ tó fi di pé àwọn tó wà ní àjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Mo gbọ́," ẹ̀gbà ọwọ́ bàbá náà sì pọ́n. Kò gba àkókò rárá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ bí ìgbà tí wọ́n bá pa iná yàrá.

Kúforíjì nu ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Ṣìjúadé ló kọjú sí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ ní. Tí ẹ bá sọ pé irọ́ ni, ẹ̀gbà wọn á padà di funfun, ẹ̀yin á tún bẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣọ́ mìíràn. Tí ẹ bá gbà á, ìṣọ́ yín parí lónìí, owó yín á sì padà wá, torí a kì í ṣọ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sanwó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yìí fún wọn lójú Etí. Ọ̀gá tí kò tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni, Etí kò mọ̀ ọ́n sí ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ ó sì yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀." Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ọ̀sà bí ẹni tí kò rí i rí.

Ṣìjúadé ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Kí lẹ ṣe yẹn?" Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

"O rí ohun tí mo ṣe."

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!"

"Mo mọ iye ẹ̀."

"Kí lẹ ó wá máa jẹ?"

"Ìdá méjì nínú mẹ́ta."

Kò rẹ́rìn-ín, Ṣìjúadé náà kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ bàbá náà: kó máa dí ibi tó ti sán lára àtẹ̀gùn àwọn ilé àtijọ́, lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ọ̀nà láti gba ẹ̀gbà funfun padà ṣì wà, ọdún kan gbáko láìṣàṣìṣe, níbi iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ fún un.

Ṣìjúadé rò ó pé òun á máa gbé ìdá kẹta náà lọ fún un nílé lóṣooṣù. Kò tíì rò ó tán tó fi rántí. Ẹ̀bùn ọ̀gá sí ọmọṣẹ́, owó iṣẹ́ ni lójú òfin. Wọn á tún yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

"N ó sọ pé irọ́ ni," ló wí.

"Sọ ọ́." Bàbá náà fẹ̀yìn ti òpó. "Omi ti dé ibo lọ́dọ̀ ìyá ẹ?"

"Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin."

"Mẹ́ta ni nígbà tí mo wá kí wọn."

Ọjọ́ tí Ṣìjúadé ṣe fírídọ́ọ̀mù, ọkùnrin yìí ló gbé tírọ́wẹ̀lì tuntun lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí. "Ó parí," ló wí lọ́jọ́ náà, "àwa méjèèjì ti di ẹgbẹ́." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣìjúadé jí wá kí i, ó kúnlẹ̀, ó sì pè é ní ọ̀gá bíi ti tẹ́lẹ̀, torí kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ yẹn sí òótọ́.

Ó fẹ́ yàrá méjì náà. Ó fẹ́ ẹ débi pé ojú ara rẹ̀ ń tì í. Ó ń wá inú ara rẹ̀ bóyá á rí ibi tí kò ti fẹ́ ẹ, kí ó lè dìde kó sọ pé irọ́ ni, kò sì rí i. Fèrèsé méjì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́ ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Ó ku ìṣẹ́jú méjì," ni Kúforíjì wí láìyíjú padà.

"Èló ni iṣẹ́ yẹn?" ni Ṣìjúadé bèèrè.

"Ẹ̀yin lẹ máa dá a lé," ni bàbá náà wí.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án."

"Ó ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ ò tó àtẹ́lẹwọ́ méjì."

"Iye tí mo fẹ́ san nìyẹn," ló wí, ohùn tó sì fi sọ ọ́ ya òun gan-an lẹ́nu. Bàbá náà tẹ orí ba.

Ṣìjúadé dìde, ó gbé ẹ̀gbà rẹ̀ sún mọ́ Etí. "Mo fẹ́ sanwó iṣẹ́."

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà."

"Èló ni ìyọkúrò?"

"Ìdá kan nínú mẹ́ta."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti kúrò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló kù. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó gbà á."

Ó ti gbàgbé ìyẹn. Kò sí ọ̀gá tó ń yọ owó tí kì í fi ìwé lé ẹni tó yọ owó rẹ̀ lọ́wọ́, orúkọ onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jáde láti ẹnu ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó yíjú wo bàbá náà. Ó ti kúrò lára òpó. Ó ti dúró gbọnrangandan, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, bí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń tò síwájú rẹ̀ láràárọ̀ nígbà tó bá fẹ́ pe orúkọ.

"Ẹ sọ orúkọ ẹni tó gbà á," ni Etí tún wí. Kò sí ìkánjú nínú ohùn rẹ̀.

"Làmídì," ni Ṣìjúadé wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Làmídì Ọláòkun."

"Èmi nìyí, ọ̀gá," ni ọkùnrin náà dáhùn, kíá, lórí ìdúró.

"Mo gbọ́," ni Etí wí, ẹ̀gbà ọwọ́ Ṣìjúadé sì di funfun.